Kí Ẹ Tó Kọ Ebè Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ọ̀tà àti Sàngó ló ń gba ilẹ̀ lọ́nà Adó-Odò láti fi dáko. Wọn a bèèrè iye owó, wọn a bèèrè bóyá ọkọ̀ dé ibẹ̀. Ìwọ̀nba ló ń bèèrè ibi tí omi òjò ń gbà kọjá.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ olókè bíi ti Ìdànrè. Ó kàn ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, bíi Atuwara, ni a ṣe ń rò pé kò séwu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ ni, kì í pẹ́ bá ọ̀gbàrá lọ.

Ìrísí ilẹ̀ ló ń pinnu ibi tí ọ̀gbàrá yóò ti ṣọṣẹ́. Bí ó bá yọ ikùn síta bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé, apá ìsàlẹ̀ ló dà jù, ibẹ̀ ni ilẹ̀dú ti ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ó bá tẹ̀ wọnú bí igbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a tẹ́jú, omi a dẹwọ́ eré, a sì sọ ẹrù tó kó sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àkúrọ̀ fi dúdú minimini. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ibi tó ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ tí a fẹ́ fi bu omi. Omi ọ̀tún àti tòsì ń pàdé níbẹ̀. Lónìí, ojú omi tín-ín-rín ni. Tó bá yá, kòtò tí ènìyàn kò lè fò.

Ní IITA, Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, wọn ohun tí ọ̀gbàrá ń kó lórí ilẹ̀ tó fi ìdá 1, 5, 10 àti 15 nínú ọgọ́rùn-ún dà. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò pàdánù púpọ̀. Níbi tí wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ bò, bíi tọ́ọ̀nù 6 lórí hẹ́kítà kan, ọ̀gbàrá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kó, kódà lórí èyí tó dà jù.

Ẹ̀gẹ́ ń pẹ́ kí ewé rẹ̀ tó bo ilẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ sì kì í dúró dè é. Àwọn kan ń kọ ebè gbọọrọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kí omi má baà dúró ra á nídìí; ọ̀nà ni wọ́n ń là fún ọ̀gbàrá. Ẹ kọ ọ́ ní ìbú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ebè gba inú ibi tó ká yẹn: omi yóò já a, yóò sì wó gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi koríko ibẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ wọ bàtà rọ́bà lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, kí ẹ tẹ̀lé omi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Onílẹ̀ lè rò pé orí yín ti dàrú. Ẹ jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.