Aládùúgbò Tó Kọ Ọ̀rọ̀ Sínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí ti ibi tó jìnnà wá, láti ìhà àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì ọdún. Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni Swídìn àti Fínlándì ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tó ń ṣòwò nílùú tí a kò bí i sí, tó ń gbé láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ààlà kan lágbàáyé tí kò kàn án.

Odò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Torne. Òun ni ààlà Swídìn àti Fínlándì. Ìlú méjì ló dojú kọ ara wọn nítòsí ẹnu odò náà: Haparanda ni ti Swídìn, Tornio ni ti Fínlándì. Àwọn ará Tornio lé díẹ̀ ní 20,000, àwọn ti Haparanda kò sì pé 10,000. Ọba Swídìn ló dá Tornio sílẹ̀ ní 1621, nígbà tí Fínlándì ṣì wà lábẹ́ Swídìn, tí kò sì sí ààlà kankan níbẹ̀. Ní 1809, Rọ́ṣíà ṣẹ́gun Swídìn, ó gba Fínlándì, àwọn aṣojú ìjọba méjèèjì sì fi odò pín ilẹ̀. Tornio bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Àwọn tó kù lápá Swídìn kò ní ìlú ọjà mọ́, ni wọ́n bá tẹ Haparanda dó sí òdìkejì. Ó sì gba oyè ìlú ní 1842. Èdè Finnish kan náà ni wọ́n ń sọ ní bèbè méjèèjì, ẹbí kan náà sì ni wọ́n. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, ẹ̀gbọ́n di ará Rọ́ṣíà, àbúrò di ará Swídìn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó ẹrù kúrò nílé.

Ohun tó tẹ̀lé e kò dára. Ìjọba Swídìn bẹ̀rẹ̀ sí fura sí àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ń sọ Finnish, pé ọkàn wọn lè wà lódìkejì odò. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ti èdè Swídìn nìkan, wọ́n sì ń ka èdè ìyá léèwọ̀ fún àwọn ọmọdé nílé-ẹ̀kọ́. Láti 1903 títí di 1954, wọ́n ń kó àwọn ọmọ tálákà láti abúlé jíjìn sí ilé àgbéwọ̀ kan tí wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́, tí wọn yóò sì ti máa kọ́ èdè Swídìn. Ọ̀pọ̀ òbí kò wá kọ́ ọmọ wọn ní èdè náà mọ́ nítorí ìtìjú. Ó di ọdún 2000 kí òfin Swídìn tó gbà á gẹ́gẹ́ bí èdè àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Meänkieli ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "èdè wa". Ní 2023 ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí ìwà àìtọ́ wọ̀nyí tó gbé ìwé rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dánu dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kò sí ẹni tó ń na ọmọ wa lẹ́gba ní Òkè Ọya nítorí pé ó sọ Yorùbá. Haúsá tí wọ́n gbọ́ dáadáa dára, òun ni wọ́n fi ń tajà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá délé ní àkókò Àjíǹde, tí kò lè kí ìyá àgbà rẹ̀, ta ni ó ka èdè náà léèwọ̀ fún un? Àwa kọ́ ha ni?

Ẹ jẹ́ kí a padà sétí odò. Lẹ́yìn ogun Hitler ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà. Ní 1944, nígbà tí àwọn sójà Jámánì ń jó àríwá Fínlándì bí wọ́n ti ń sá lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pẹ̀lú màlúù wọn sá wọ Swídìn, Swídìn sì gbà wọ́n. Ní 1952, àwọn ìlú àríwá wọ̀nyí dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn aṣòfin wọn yóò ti máa jókòó pọ̀. Fínlándì wọ̀ ọ́ ní 1955. Ní 1952 kan náà, ará Swídìn, Fínlándì, Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì kò nílò pásípọ́ọ̀tù mọ́ láti wọ ilẹ̀ ara wọn. Ní 1954 wọ́n fọwọ́ sí i pé kí olúkúlùkù lè ṣiṣẹ́ níbi tó bá wù ú láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1955 wọ́n kọ ti àìsàn àti ti ọjọ́ ogbó sílẹ̀, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì má bàa pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe tò ó: ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà ọjọ́ alẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló yọrí. Àdéhùn ńlá tí wọ́n fẹ́ fi so ọrọ̀ ajé wọn pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Nordek, fọ́ ní 1970 nígbà tí Fínlándì fà sẹ́yìn. Títí di òní, Nọ́wè kò wọ Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwọn ará ìlú dìbò kọ̀ ọ́ ní 1972 àti ní 1994. Owó yúrò ni Fínlándì ń ná, Swídìn sì ṣì ń ná krona rẹ̀. Lójú àwa oníṣòwò, èyí gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Wọn kò dúró kí ohun gbogbo bára mu tó kí wọ́n tó jọ ṣe ohun tó ṣeé ṣe.

Ní 1987, Haparanda àti Tornio dá ọ́fíìsì kan ṣoṣo sílẹ̀ láti máa bójú tó ohun tó kan ìlú méjèèjì. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ariwo. Omi ẹ̀gbin ìlú méjèèjì, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ mọ́, lápá Haparanda, nítorí pé ẹ̀gbin tó bá wọ odò kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ilé ìlúwẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń lò. Èéṣe tí ìlú kékeré méjì yóò fi kọ́ méjì? Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọmọ láti apá méjèèjì ti ń jókòó pọ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ èdè méjèèjì. Aago wọn kò tilẹ̀ bára mu: bí ó bá lu méjìlá ní Haparanda, ó ti di agogo kan ní Tornio. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lè kí ọdún tuntun káàbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan, kó kí i ní Tornio kó sì rìn kọjá lọ kí i ní Haparanda. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ IKEA tí ń ta àga àti tábìlì ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan sí Haparanda. Kò sí oníṣòwò tí yóò gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú tí kò ní ènìyàn 10,000. Ẹni tó ṣe é ti ka àwọn tó wà lódìkejì odò mọ́ oníbàárà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára jù lọ ni ti àwọn àtìpó. Ní ọdún 1950 sí 1970 àti díẹ̀ lé, àwọn ará Fínlándì tú lọ sí Swídìn láti lọ wá iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti ti irin. Ní 1969 àti 1970 nìkan, àwọn tó kó lọ tó nǹkan bí 80,000. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè Swídìn. Iṣẹ́ tí onílé kò fẹ́ ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílùú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe níhìn-ín: ẹgbẹ́ tí ń gba àlejò, tí ń túmọ̀ lẹ́tà, tí ń ran ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè. Wọn kò bèèrè fún ilẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àwọn ní èdè ìyá wọn nílé-ẹ̀kọ́, kí àwọn sì lóhùn nínú bí wọ́n ṣe ń ná owó orí tí àwọn ń san. Ní 1976, Swídìn fún àlejò tó bá ti gbé ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ láti dìbò nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, kódà bí kò bá tíì di ọmọ ilẹ̀. Ní 1977, òfin dé pé kí ilé-ẹ̀kọ́ pèsè ẹ̀kọ́ èdè abínibí fún ọmọ àlejò tó bá fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ àwọn àtìpó wà lára àwọn tó pariwo títí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ohun mìíràn tí a gbóríyìn fún. Ní 2014, àwọn ìjọba àríwá náà yan ìgbìmọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa wá ohun tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ ní ẹnubodè. Ẹni tó ń gbé ní Swídìn tó ń ṣiṣẹ́ ní Fínlándì, nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba wo ni yóò ràn án lọ́wọ́? Ìwé ẹ̀rí tí ẹnì kan gbà níhìn-ín, ṣé wọ́n gbà á lọ́hùn-ún? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wọn, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ wọn ti parí sí rere. Afárá ńlá kan wà láàárín Dẹ́nmáàkì àti Swídìn lórí òkun Øresund, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń gbà á lọ síbi iṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 2016, nígbà tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń rọ́ wá, Swídìn ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ ojú irin láti Dẹ́nmáàkì láìfi ìwé ìdánimọ̀ hàn. Ohun tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti 1952 padà dé. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fínlándì ti ẹnubodè, wọ́n sì na ọgbà irin sí àárín Haparanda àti Tornio. Àwọn olólùfẹ́ àti àwọn òbí dúró ní apá méjì, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn irin. Ní ẹnubodè Nọ́wè, àwọn ọlọ́jà Swídìn ní Charlottenberg àti Strömstad, tí ará Nọ́wè jẹ́ oníbàárà wọn, jókòó ti ọjà lásán. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Wọ́n ti kọ ti iṣẹ́, ti àìsàn àti ti omi ẹ̀gbin sínú ìwé. Wọn kò kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ará ẹnubodè lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ba gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà jíjìn, ní olú-ìlú, ni wọ́n ti pàṣẹ, níbi tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìyá ẹnì kan ń gbé ní òdìkejì títì.

Àwa mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò ní Gánà mọ̀ ọ́n ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Ilé tí wọ́n kọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ìwé ni kò sí. Nàìjíríà náà ṣe é fún àwọn ará Gánà ní 1983, bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́rin péré ni ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnkiri. Ohun tó ṣe wá ni àwa náà fi ṣe ẹlòmíràn.

Níbí, a kì í ṣe àjèjì lójú òfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 15, ní kí ìjọba rí i dájú pé gbogbo ọmọ ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ibùgbé ní ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n orí kejì ìwé náà ni ọ̀rọ̀ yìí wà, abala 6 sì sọ pé ilé-ẹjọ́ kò lè fipá mú ìjọba tẹ̀lé ohun tó wà ní orí náà. Nítorí náà ni ọmọ wa tí a bí síhìn-ín ṣe ń dúró níwájú tábìlì, tí wọ́n ń bi í pé ìwé ọmọ onílé rẹ̀ dà. Ẹ̀ka wa kò lè yí ìwé òfin padà. Ohun tí a lè ṣe ni irú èyí tí Haparanda àti Tornio ṣe, ní kékeré, pẹ̀lú onílé wa, nígbà tí ara ṣì dẹ wọ́n.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti gbà pé kí ìpàdé tó ń bọ̀ dá lé ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a fẹ́ lọ bá Máí Ùngúwà àti àwọn àgbà ọjà sọ, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Haúsá àti ní Yorùbá, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i: ilẹ̀ ìsìnkú wa, ìpín àwọn ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iná, owó ọdẹ alẹ́ tí àwa àti onílé jọ ń san, àti ẹni tí a ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí nígbà tí ariwo bá sọ. Kí olúkúlùkù mú ìwé ilé rẹ̀, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí a lè kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó wá bẹ́ẹ̀. A ó kọ orúkọ rẹ̀ náà sílẹ̀, a ó sì mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé yóò ti ra ìwé ńlá kan ṣáájú ọjọ́ náà.