Ẹ Yé Fi Ọwọ́ Ka Ọ̀rọ̀-Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, òfin kan wà tí gbogbo wa há sórí nílé-ìwé: nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó bá ṣeé kà, ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà ni orúkọ rẹ̀, ohun tí kò bá ṣeé kà, aláìṣeékà ni. Òfin yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń da àwọn ọmọ wa láàmú.

Ẹ dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Hóró ni méjèèjì, kóńgò kan náà ni ìyá ọlọ́jà fi ń wọ̀n wọ́n. Síbẹ̀, “beans” ń gba “many”, “rice” ń gba “much”. Ẹni tó bá ní sùúrù á ka hóró ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ náà, “rice”, ni kò gbà kí á ka òun. Owó ńkọ́? Kí ni ọmọ aráyé ń kà tó owó? Aláìṣeékà ni “money”.

Ìtàn èdè náà jẹ́rìí sí i. Láyé àtijọ́, “pease” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe hóró kan tó jọ ẹ̀wà, ara ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sì ni ìró tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, etí wọn gbọ́ ìró yẹn bí àmì ọ̀pọ̀. Láàárín ọdún 1600 sí 1700 ni wọ́n gé e kúrò, tí “pea” fi di orúkọ ẹyọ kan. Hóró kò yí padà lóko. Ọ̀rọ̀ ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ kan náà tilẹ̀ lè jẹ́ aṣeékà níbí, kó jẹ́ aláìṣeékà lọ́hùn-ún. Adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé, “a chicken” ni. Ẹran rẹ̀ nínú ọbẹ̀, “chicken” lásán ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ tó kọ “furnitures” nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó rí àga mẹ́rin àti tábìlì kan, ó kà wọ́n, ó fi “s” sí i. Ohun tí a kọ́ ọ gan-an ló ṣe! A fagi lé e, a tún pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún ẹni tó kọ “equipments” àti “informations”.

Ẹ pa òfin yẹn rẹ́ lójú pátákó. Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ gbọ́ “furniture”, kí ó gbọ́ “a piece of furniture” pẹ̀lú rẹ̀. Kí ó gbọ́ “much information”, kí ó gbọ́ “many beans”. Kí ó máa wo ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bá rìn nínú gbólóhùn, kí ó tó fi “s” kàn án.