Ẹ Ta Bébà, Ẹ Má Ta Orúkọ

Àríyànjiyàn kan wà láàrin wa, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, lórí àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ó wà nínú àpótí àwọn òbí wa. Àwọn kan ní kí a má ṣe ta ẹyọ kan, nítorí pé ojú baba ẹni kì í ṣe ọjà. Àwọn mìíràn ní bébà lásán ni. Bí àlejò bá fẹ́ ẹ, kí ó san owó, kí a fi owó náà kan òrùlé. N kò fara mọ́ ti àwọn ti ìṣáájú, n kò sì fara mọ́ ti àwọn ti ìkẹyìn. Ohun tí mo ń wí kò gùn: a lè ta bébà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ta nẹ́gátíìfù, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí bébà kúrò nílé láìní orúkọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn olùkójọ àwòrán ń rà. Ní Paris, London àti New York, oríṣi méjì ni wọ́n pín àwòrán sí. Èkínní ni èyí tí ayàwòrán tẹ̀ sórí bébà ní nǹkan bí àkókò tí ó yà á, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní « tirage d'époque ». Èkejì ni èyí tí a tẹ̀ láti ara nẹ́gátíìfù kan náà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí a sábà máa ń sọ di ńlá, tí a sì fi nọ́ńbà sí, bíi 3 nínú 10. Ẹ̀yìn bébà ló ń gbé iye èkínní ga: òǹtẹ̀ ilé ìyàwòrán, déètì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ. Ohun tí ó sì ń gbé iye èkejì ga ni pé nẹ́gátíìfù wà ní ìkáwọ́ ẹnì kan, ẹni náà sì ti ṣèlérí pé òun kò ní tẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Nẹ́gátíìfù ni igi, bébà ni èso. Ẹni tí ó ta ọsàn yóò tún ká òmíràn lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ta igi ọsàn, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Ẹ wo ọ̀ràn Seydou Keïta ti Bamako. Ní 1948 ni ó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀. Nẹ́gátíìfù tí ó ń lò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18, bébà tí ó sì ń tẹ̀ fún oníbàárà kì í sábà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ara ògiri ilé àti inú lẹ́tà ẹbí ni wọ́n ń lọ. Ní 1991, wọ́n pàtẹ díẹ̀ nínú wọn ní New York, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin náà wà láàyè! Ní 1994, Fondation Cartier pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àwọn àwòrán tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò tẹ́lẹ̀ wá di ńlá tí ó ń gba ògiri. Nígbà tí ó kú ní 2001, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe lórí bébà kékeré wọ̀nyẹn, lórí ẹni tí ó ni nẹ́gátíìfù ni.

Wọ́n dá orúkọ ayàwòrán padà fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ń tà lónìí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì péré lábẹ́ wọn: « Sans titre ». Ìyàwó tuntun tí ó fi gbogbo wúrà rẹ̀ sára ní ọjọ́ náà ti di ẹni tí kò lórúkọ.

Ẹ má sọ pé ti Bamako nìyẹn. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irun àwọn obìnrin ní 1968, títí tí ó fi ní tó ẹgbẹ̀rún kan. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí pé bí irun dídì bá tú, fọ́tò nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn olùkójọ mọ « Onílé Gogoro » dáadáa. Irun ní orúkọ. Orí tí ó gbé irun kò ní. Mo mọ̀ pé irun ni ó fẹ́ yà, tí ó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ láti ẹ̀yìn. N kò bá a wí. Àwa tí ojú àwọn obìnrin náà ṣì hàn sí ni mo ń bá wí, bí a bá dákẹ́.

Ẹnì kan yóò sọ pé àwọn orúkọ kan wà tí a kì í dá. Òtítọ́ ni. Léonce Raphaël Agbodjelou, ọmọ Joseph Moïse Agbodjelou tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ní Àjàṣẹ́ níbí, ti ya àwọn egúngún wa, a sì ti pàtẹ wọn ní London. Kí ọmọ ìlú ya ìlú rẹ̀, kí ó sì jẹun nídìí rẹ̀, ohun iyì ni. Kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò béèrè ẹni tí ó wà lábẹ́ ẹ̀kú. Ṣùgbọ́n egúngún fúnra rẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní agbo ilé tí ó ti jáde wá. Àwọn tí ó ni í ni yóò sọ èyí tí a lè kọ. Ìyàtọ̀ wà láàrin orúkọ tí a pa mọ́ nítorí ọ̀wọ̀ àti orúkọ tí a sọnù nítorí ọ̀lẹ.

Àwọn kan ti fi ọ̀nà hàn wá. Malick Sidibé ti Bamako, tí ó gba Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2007, máa ń lẹ fọ́tò kéékèèké mọ́ inú fáìlì, a sì kọ déètì àti orúkọ àríyá sí i. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó di Fátúmbí ní Kétu ní 1953, kò jẹ́ kí nẹ́gátíìfù rẹ̀ fọ́n ká: ó ju 60,000 lọ tí ó wà ní Salvador, ní Bràsíl, nínú ilé tí ó dá sílẹ̀ fún wọn ní 1988. Bí a bá fẹ́ béèrè nípa àwọn àwòrán rẹ̀, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Ṣùgbọ́n Kétu ni àwọn tí ó lè sọ pé « ìyá àgbà mi rèé » wà, kì í ṣe Salvador, wọ́n sì ń dínkù lọ́dọọdún.

Mo dá àwọn tí ó ní kí a má ta nǹkan kan lóhùn báyìí: ikán àti ọ̀rinrin kò bá wa ṣe àdéhùn. Fọ́tò tí ó jẹrà nínú àpótí kò bọlá fún baba ẹnikẹ́ni, èyí tí ó sì wà lọ́wọ́ olùkójọ tí ó mọ ìtọ́jú lè pẹ́ jù wá lọ. Mo sì dá àwọn tí ó ní bébà lásán ni lóhùn: ẹni tí ó ra bébà, bébà ló rà. Ẹ̀tọ́ ayàwòrán lórí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá bébà lọ, àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i pé kí ó lọ. Ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, kí bébà kankan tó jáde nílé, ẹ gbé e lọ bá àgbà tí ó dàgbà jù. Ẹ béèrè orúkọ, ìlú àti ayẹyẹ tí a torí rẹ̀ yà á. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í ṣe tàdáwà tí ó lè là á já. Ẹ ya ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí òǹrajà kọ ọ́ sínú ìwé pé orúkọ náà yóò máa bá àwòrán lọ níbikíbi tí a bá tún tà á sí, yálà ní gálárì tàbí ní gbàǹjo. Bí ó bá fẹ́ nẹ́gátíìfù, ẹ tẹ bébà fún un, kí ẹ sì mú nẹ́gátíìfù padà sílé. Bí ó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Òǹrajà mìíràn ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n tún ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó wà nínú fọ́tò wọ̀nyí kò wá sí ilé ìyàwòrán láìní orúkọ. A ti wo ilé kí a tó sọ wọ́n lórúkọ, ní ọjọ́ kẹjọ, níwájú ẹbí. Ta ni ó wá fún wa láṣẹ láti fi owó fráǹkì sọ wọ́n ní « Sans titre »?