Oúnjẹ Wọlé, Ààbò Kò Wọlé



Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ ilẹ̀ Ukraine ní oṣù February 2022, tí àwọn ìjọba òyìnbó sì ń fi ìbọn àti owó ránṣẹ́ sí Ukraine, ọ̀rọ̀ méjì ni ó gba ẹnu àwọn ènìyàn wa. Àwọn kan ní, "Ìjà òyìnbó ni, kí ló kàn wá níbẹ̀?" Àwọn mìíràn ní, "Ká ní Mùsùlùmí ni ìyà ń jẹ, ayé kò ní sọ̀rọ̀." Ẹ jẹ́ kí a mú ogun kan tí ó ti jà ní Yúróòpù, tí ó sì jẹ́ Mùsùlùmí ni ó jẹ ìyà rẹ̀ jù, kí a fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ogun Bósíníà ni mò ń wí, tí ó jà láti 1992 sí 1995.

Inú Yugosláfíà àtijọ́ ni Bósíníà wà. Mùsùlùmí, àwọn Sẹ́ẹ̀bù àti àwọn Kùróáàtì tí í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Láti ayé àwọn ọba Túúkì ni Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí Bósíníà di orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní 1992, àwọn ọmọ ogun Sẹ́ẹ̀bù dìde sí i. Wọ́n dó ti Sarajevo, olú-ìlú rẹ̀, fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin.

Ǹjẹ́ ayé dákẹ́? Ayé kò dákẹ́. Ní oṣù August 1992, tẹlifíṣọ̀n fi àwọn ọkùnrin kan hàn ní àgọ́ Trnopolje, tí egungun ìhà wọn yọ síta, tí wọ́n dúró lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ariwo ta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn lásán tí kì í ṣe ìjọba kó oúnjẹ àti aṣọ sínú ọkọ̀, wọ́n sì wà á lọ fúnra wọn. Láàárín 1992 àti 1993, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí ìjọba wọn kọ̀ láti ṣe. Elie Wiesel, ọmọ Júù tí ó yè nínú àgọ́ ìpànìyàn ti Hitler, dojú kọ Ààrẹ Clinton ní gbangba ní oṣù April 1993, ó ní kí ó wá nǹkan ṣe sí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní gbogbo òyìnbó ni ó di ojú rẹ̀, kò sọ òtítọ́.

Kí ni àwọn ìjọba wá ṣe? Wọ́n fi oúnjẹ ránṣẹ́. Láti oṣù July 1992 títí di oṣù January 1996, ọkọ̀ òfuurufú ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ sí Sarajevo. Ẹ má jẹ́ kí a fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí, nítorí ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó kù. Láti oṣù September 1991 ni Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún Yugosláfíà. Lójú, òfin náà kò ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Sẹ́ẹ̀bù ni ìbọn ńlá ńlá ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ bọ́ sí. Ẹni tí ó ní ti ní, ẹni tí kò ní kò sì gbọdọ̀ rà. Ní ọjọ́ 29 oṣù June 1993, wọ́n dìbò bóyá kí a tú òfin náà fún Bósíníà. Mẹ́fà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mẹ́sàn-án kò dìbò rárá, òfin sì dúró. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ìbọn púpọ̀ yóò mú kí ogun gùn, àti pé àwọn ọmọ ogun wọn tí ń ṣọ́ ọkọ̀ oúnjẹ yóò bọ́ sínú ewu. Ẹ ò rí nǹkan: oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọlé di ìdí tí wọn kò fi gba ènìyàn là. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Àwọn ìjọba Mùsùlùmí náà ṣe ìpàdé ní Istanbul àti ní Jeddah ní 1992. Ọ̀rọ̀ wọn dùn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí Ìgbìmọ̀ Ààbò tì kò ṣí.

Ní oṣù April 1993, Ìgbìmọ̀ kan náà kéde pé ibi ààbò ni ìlú Srebrenica. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú kó ohun ìjà wọn sílẹ̀, nígbà tí ó sì yá, ìwọ̀nba ọmọ ogun Họ́lándì ni ó ń ṣọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù July 1995, àwọn Sẹ́ẹ̀bù wọ ìlú náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó ju 8,000 lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbẹ̀, àgbà wà lọ́jà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù August ọdún kan náà, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù pa ènìyàn 43 ní ọjà Sarajevo, àwọn ọkọ̀ òfuurufú NATO bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́ǹbù sórí ìbọn àwọn Sẹ́ẹ̀bù, àwọn ọmọ ogun Bósíníà àti ti Kùróáàtì sì ń ṣíwájú lórí ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà. Ní oṣù December, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Paris. Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe fún ọdún mẹ́ta ṣeé ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí nǹkan bí 100,000 ènìyàn ti kú.

Èmi kò ní sọ pé ẹ̀tanú kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ẹ̀tanú nìkan ni, tí a sì jókòó ti ìbànújẹ́ wa, a kò rí ibi tí ìlẹ̀kùn ti tì. Àwọn obìnrin Srebrenica rí i. Ní ọjọ́ 11 oṣooṣù, wọ́n ń jáde sí ìgboro Tuzla pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ àwọn òkú wọn sí. Wọ́n fún àwọn onímọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ara wọn kí a lè fi dá egungun ọmọ wọn mọ̀, nítorí àwọn apànìyàn ti fi katapílà kó òkú láti kòtò kan sí òmíràn. Hatidža Mehmedović, tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, padà lọ gbé ní Srebrenica, ó sì ń bèèrè ìdájọ́ òdodo títí ó fi kú ní 2018.

Ìbéèrè kan ni wọn kò fi sílẹ̀: ẹni tí ó ṣèlérí láti ṣọ́ wa, níbo ni ó wà? Ìdáhùn pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Ìjọba Họ́lándì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní 2002 nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2007, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague sọ pé ìpa-ẹ̀yà-run ni. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Họ́lándì dá ìjọba ibẹ̀ lẹ́bi ìdá 10 nínú 100 lórí nǹkan bí 350 ọkùnrin tí wọ́n lé jáde kúrò ní bárékè. Karadžić àti Mladić, àwọn olórí Sẹ́ẹ̀bù nínú ogun náà, gba ẹ̀wọ̀n gbére. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin ìyá, bí rédíò bá sọ̀rọ̀ ogun, tí àwọn ọmọ bá ń gbọ́, ẹ bá wọn ṣàánú ẹni tí ìyà ń jẹ, ohunkóhun tí ẹ̀sìn rẹ̀ ìbáà jẹ́. Bí ẹ bá ní nǹkan, ẹ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka iye àpò ìyẹ̀fun tí ìjọba báyìí báyìí fi ṣe ìtọrẹ, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti bèèrè pé: ta ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.