Èlùbọ́ Wa Ní Kano: Kí Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Náwó Sí?

 

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ tí a fẹ́ máa ṣe fúnra wa la fẹ́ sọ. Owó tí a dá jọ kò pọ̀, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá pàdé ni nǹkan tí a fẹ́ fi ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ní ká tẹ ọ̀rá aláràbarà tó ní àwòrán. Àwọn kan ní ká ra ẹ̀rọ. Àwọn kan tún ní ká fi gàrí mọ́ ọn. Èyíkéyìí ò burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún ò lè ká gbogbo rẹ̀.

Lójú tiwa o, iyanrìn ló yẹ ká kọ́kọ́ bá jà. Ẹ bi àwọn ìyá wa ní Sabon Gari ìdí tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn bá àwọn gbé èlùbọ́ bọ̀ láti Ṣakí, nígbà tó kún ọjà níbí. Ọ̀rá tó ń dán ò lè yọ iyanrìn kúrò nínú àmàlà jàre.

Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù láti sá gbódó níbí. Iṣu ò tíì wọ́n, afẹ́fẹ́ gbẹ, kíá ni gbódó á gbẹ táútáú. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, á ti bu kó tó gbẹ. Àmọ́ ọyẹ́ yìí kan náà ló ń gbé eruku wá! Torí náà, pẹpẹ tó ga nílẹ̀ àti nẹ́ẹ̀tì tí a ó fi bò ó ni kó gba owó àkọ́kọ́. Lóòótọ́, tí a bá sá gbogbo rẹ̀ nígbà ọyẹ́, owó wa á há sínú gbódó fún oṣù mélòó kan. Ká gbà bẹ́ẹ̀. Gbódó la ó tọ́jú, díẹ̀díẹ̀ la ó máa lọ̀ ọ́.

Ẹ̀rọ lè dúró. Àwọn tó ń bá èèyàn lọ nǹkan wà ládùúgbò, ká ṣáà tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ ata.

Wọ́n tún ní ká fi láfún lú u kó lè pọ̀. Àwa ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ẹni tó fẹ́ láfún mọ ibi tó ti ń rà á. Tówó ò bá tó lọ́wọ́ oníbàárà, ká wọn ìdajì mudu fún un. Tí a bá sì jọ̀ ọ́ kúnná, ìwọ̀n rẹ̀ á dín, èrè náà á dín díẹ̀.

NAFDAC ńkọ́? Dandan ni, kí a tó fi orúkọ wa sára ọ̀rá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ wọ́n máa wá wo ibi tí a ti ń ṣe é, pẹpẹ tó mọ́ yẹn náà ni wọ́n sì máa bá níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì rò pé ọ̀rá ló yẹ kó ṣíwájú, ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbí ká tó pàdé. A máa kà á.