Kí Olóore Kágò Kí Ó Tó Wọlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó yẹ kí onílé sọ fún olóore tí ó gba ojú fèrèsé wọlé ní òru, tí ó kó àga àtijọ́ jáde, tí ó gbé tuntun sí ipò rẹ̀, tí ó sì ní kí onílé dìde wá dúpẹ́? Irú oore bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìsọdọ̀tun kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì tàbí Máídúgùrì, nítorí pé kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, inú rẹ̀ náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń kó àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ sí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé Windows 10 jáde. Windows ni ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ó ń sọ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fún un. Láìsí irú ètò bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ẹni tí ó bá ń lo Windows 7 tàbí Windows 8.1 lè gba ti tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí pé owó gidi ni wọ́n ń fi ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títí dé ibi yìí, kò sí ẹni tí ó lè dá olóore lẹ́bi.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ẹ̀bùn náà ni ó dá ìjà sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ìkéde bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lórí kọ̀ǹpútà lemọ́lemọ́, bí alágbàtà tí kò gbọ́ “rárá.” Nígbà tí ó di oṣù Kejì, ọdún 2016, wọ́n kó ìsọdọ̀tun náà mọ́ àwọn àtúnṣe tí a dámọ̀ràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí ó bá ti ń gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wà á wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ọ̀rọ̀ wá di ariwo. Àmì X pupa tí ó wà ní igun ìkéde, tí gbogbo ayé mọ̀ sí “n kò fẹ́,” kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kàn ti ìkéde lásán ni. Ìsọdọ̀tun tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún kò yẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà yí i padà ní oṣù Kẹfà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Chris Capossela, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ìpolówó ọjà wọn, fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ti kọjá àyè lórí ọ̀rọ̀ X náà.

Àwọn mìíràn kò dúró de ìjẹ́wọ́. Obìnrin kan tí ó ń ṣe òwò ètò ìrìn-àjò ní ìpínlẹ̀ California gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, ó ní òun kò pàṣẹ ìsọdọ̀tun kankan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà òun di aláìlera lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ òun sì dúró. Kóòtù dá a láre, ó gba 10,000 dọ́là. Ní Jámánì, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Baden-Württemberg fa ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́, títí tí ó fi ṣèlérí ní ọdún 2017 pé òun kò ní kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni mọ́ láìgba àṣẹ. Nílẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, àwọn tí ń dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tí ń pa wọ́n láìgbàṣẹ ní Chinko, ní orílẹ̀-èdè Central African Republic, fi ẹ̀hónú hàn ní ọdún 2016 pé ìsọdọ̀tun náà ń jẹ íntánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì olówó gọbọi tí àwọn ń lò ní àárín igbó.

Ẹjọ́ Chinko ni ó súnmọ́ ti ọmọ Nàìjíríà jùlọ. Ẹrù Windows 10 tó gígábáìtì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣàn wọlé bí omi ẹ̀rọ, èyí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn ti ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ra epo nínú ìgò, ọ̀fẹ́ tí a fi dátà rà kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ká ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí Sábọ̀n Gàrí ní Kánò. Àkókò ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò dé, àwọn ọmọ ilé-ìwé tò sí ẹnu ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ń hó. Lójijì kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, ó ní òun ń ṣe ara òun lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe pa òun. Bí epo bá tán kí ó tó parí ńkọ́? Ta ni yóò san owó àwọn ọmọ náà padà? Ó dájú pé kì í ṣe olóore.

Síbẹ̀, ẹjọ́ kì í dá ní apá kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti dí ihò tí ó wà lára Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò náà wọlé. Ó ti ìwé àwọn ènìyàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n san owó ìràpadà. Orílẹ̀-èdè tí ó fara gbá a tó 150, àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún padà. Windows 7 tí kò gba àtúnṣe ni ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó kó sí pańpẹ́ náà. Kòkòrò náà kò sì dúró lọ́dọ̀ ẹnì kan. Ó ń ti kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ gbogbo àtúnṣe pátápátá kì í ṣe akọni. Ewu aládùúgbò rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n dídí ihò ògiri yàtọ̀ sí wíwó ilé láti kọ́ òmíràn. Àtúnṣe tí ó dí ihò kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìsọdọ̀tun tí ó yí gbogbo ilé padà, tí ó lè mú kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ má ṣiṣẹ́ mọ́, ìpinnu onílé ni. Kì í ṣe gbogbo tuntun ni ó gún régé nígbà tí ó kọ́kọ́ dé: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìsọdọ̀tun kan fún Windows 10 pa ìwé àwọn ènìyàn kan rẹ́, àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó ní “ẹ jẹ́ kí n dúró ná” kò ṣìwèrè. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà gbà kí àwọn tí ń lò ó nínú ilé lè dá àtúnṣe dúró títí di ọjọ́ 35. Ariwo oníbàárà wúlò.

Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni bí ayé ṣe yí padà. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi àyè ìtọ́jú àfikún sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, kì í gba kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni kò sì ní in. Ẹni tí wọ́n fi ipá fún lánàá, wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ kò yẹ lónìí. Nígbà mìíràn ọwọ́ tí ń fi ipá fúnni náà ni ó ń ti ilẹ̀kùn.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Kí ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀ gba ẹ̀bùn náà bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè gbà á, ṣùgbọ́n kí ó gbà á ní àkókò tirẹ̀. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ sórí fúláàṣì kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Kí oníṣọ́ọ̀bù sọ fún Windows pé íntánẹ́ẹ̀tì òun jẹ́ èyí tí a ń fi ìwọ̀n san owó rẹ̀, kí ó lè dín ohun tí ó ń wà wọlé kù. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá yẹ mọ́ lè wo ètò ọ̀fẹ́ mìíràn bíi Ubuntu. Kí àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà pẹ̀lú wo àpẹẹrẹ Jámánì, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ní Sábọ̀n Gàrí kò lè bá irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ du ẹjọ́.

Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ẹni tí ó fi owó ra kọ̀ǹpútà ni ó ni í, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ètò inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kórìíra oore. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, àlejò tí ó gbé ẹ̀bùn dání pàápàá a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa kígbe pé “Àgò onílé o,” kò sì ní wọlé títí onílé yóò fi dáhùn pé “Àgò yà.”