Kòkó Ló Kọ́lé, Ilé Kò Gbin Kòkó

Sí gbogbo ará Àkúrẹ́ àti ọmọ Oǹdó, nílé àti lẹ́yìn odi

Wọ́n ní ìlú wa ń gòkè. Bí a bá bèèrè ẹ̀rí, ilé ni wọ́n ń nàka sí: "Ẹ wo bí ilé ṣe kún Ọba-Ilé. Ẹ wo ojú títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ẹ wo pátákó ilẹ̀ títà láti Àpọ́nmú títí dé Bọ́lọ́rundúró. Ṣé ìlú tí kò lówó ló ń ṣe báyẹn?" Wọ́n á tún fi kún un pé ẹni tó bá fowó ra ilẹ̀ kò lè ṣòfò láéláé. Olùkọ́ gbà á gbọ́, akọ̀wé ìjọba gbà á gbọ́, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Irọ́ ni. Irọ́ náà kì í sì ṣe kékeré, nítorí òun ló ń mú wa ta oko tó ń bọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ tí kì í ṣòfò yìí wò. Ká ní ẹnì kan ra púlọ́ọ̀tì kan ní ₦500,000 lọ́dún 2015, ó wá tà á ní ₦1,500,000 lọ́dún 2024. Inú rẹ̀ á dùn pé owó òun di ìlọ́po mẹ́ta. Kó gbé owó náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Lọ́dún 2015, àpò kan kò ju nǹkan bí ₦2,000 lọ, nítorí náà owó tó fi ra ilẹ̀ ì bá ra 250 àpò fún un. Lọ́dún 2024, àpò náà ti kọjá ₦7,000. Ká tiẹ̀ pè é ní ₦7,500, gbogbo èrè rẹ̀ pẹ̀lú ojú owó kò ra ju 200 lọ. Àádọ́ta àpò ti wọmi, a kò sì tíì ka owó àwọn ọmọ onílẹ̀, owó awọnlẹ̀ àti owó tó fi ń ro koríko lọ́dọọdún. Náírà ló já, tí a ń pè é ní ilẹ̀ tó gòkè.

Òfin pàápàá kò fi ti púlọ́ọ̀tì òfìfo ṣe. Láti ọdún 1978 tí òfin ìlò ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ láti la títì, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó gbà-má-bínú fún: ilé, igi, irè oko. Lórí ilẹ̀ lásán, iye tí ẹ san fún ìjọba bí owó ilẹ̀ lọ́dún náà ni ẹ ó gbà. Àwọn igi kòkó tí wọ́n gé kí púlọ́ọ̀tì yín tó jáde ni ì bá gbowó fún yín.

Kòkó yìí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Ẹ wọ àárín ìlú Oǹdó, ẹ wo àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ sí ojú fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wọn. Owó kòkó ló kọ́ wọn. Owó kòkó náà ló ran ìjọba Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ láti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955. Oko ló ṣáájú, ilé tẹ̀ lé e. Àwa ti wá yí i po: a ń ta oko láti kọ́lé, a sì ń retí pé ilé ni yóò mú owó wá. Lọ́dún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Lọ́dún yẹn náà, àwọn awọnlẹ̀ ṣì ń ri òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké mọ́ abẹ́ igi kòkó tó ń so lọ́wọ́.

Ta ni yóò gbé inú ilé náà? Láti ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, owó oṣù ìjọba ni ìlú ń jẹ, Àbújá sì ni ọ̀pọ̀ owó náà ti ń wá. Nígbà tí owó oṣù há fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016, onílé àti ayálégbé jọ há ni. Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, kò kúrò níbi tó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kò sí. Ní Oǹdó, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015 ló mú èrò wá, onílé wá tẹ̀ lé èrò.

Wọ́n tún ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, Àkúrẹ́, lọ máa gbé Oǹdó, torí ilé dínwó níbẹ̀. Lítà epo tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti lé ní ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ohun tó jèrè lórí owó ilé, awakọ̀ ló ń gbà á lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Mo gbọ́ ẹni tó ní ilé kíkọ́ ń fún bíríkìlà àti káfíńtà níṣẹ́. Òótọ́ ni, títí wọ́n á fi kan òrùlé. Ṣùgbọ́n Ọbájànà, Ìbẹṣẹ̀ àti Ewékorò ni sìmẹ́ǹtì ti ń wá. Ìrin, táìlì àti páànù pẹ̀lú, òde ni. Ọ̀pọ̀ owó ilé ń bá ọkọ̀ tó kó ẹrù wá padà lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ fọwọ́ síwèé títa oko bàbá yín, ẹ yá ọ̀dọ́ tó fẹ́ dáko nílẹ̀ náà, kí ẹ máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ dìde ní ìpàdé ọdọọdún tó ń bọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ya apá kan owó ẹ̀yáwó ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúngbìn kòkó àti ẹ̀rọ tí a lè fi sọ ọ́ di ọjà nílé. Ẹ̀yin aláṣẹ ní Alágbàká, ẹ fa ààlà síbi tí ilé lè dé lójú títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí ẹ má sì kọ̀wé ìyọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé kòkó láti pín púlọ́ọ̀tì lẹ́yìn ààlà náà.